Ìfẹ́ tí ó ń béèrè ìwé ilẹ̀

Ìròyìn yìí dùn mí gidigidi: ọkùnrin kan wọ ìlú kékeré, ó ń fẹ́ obìnrin tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún, àṣé ilé-iṣẹ́ tí ó ń wá ilẹ̀ rà ni ó rán an. Àwọn kan ń sọ pé àìgbọ́n ni ó kó bá obìnrin náà, èmi kò sì fara mọ́ ọn rárá. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn láti kékeré, àlejò tí ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹni, tí ó sì ń rántí ohun tí a sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, a máa wọni lọ́kàn kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyekan rẹ̀ nítòsí tí a lè bi léèrè ìwà rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ ni ó yẹ kí a fiyè sí. Ẹni tí ìfẹ́ mú wá yóò fẹ́ mọ ohun tí ó ń dùn ọ́. Ẹni tí ilẹ̀ mú wá yóò máa wádìí ibi tí ààlà oko dé, orúkọ ẹni tí ó wà nínú ìwé, àti bóyá àwọn àbúrò rẹ ní ìpín níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìfẹ́ náà padà di òótọ́, mo sì gbà pé irú rẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó di òótọ́ gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ́wọ́, kí ó tó gbé ìwé ilẹ̀ síwájú obìnrin náà pé kí ó fọwọ́ sí i. Kí obìnrin náà mú ìwé yẹn tọ agbẹjọ́rò tí òun fúnra rẹ̀ yàn lọ.