Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Nǹkan wà níwájú rẹ̀ gbangba, kò tíì mọ bí onílé ṣe ń pè é ni. Ta ni kò mọ òwe yìí? Kí ló wá dé tá a fi ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́?

Mo lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin Ègùn kan ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, bí ọmọ ọdún 15, láti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Wọ́n ní kó lọ ra bọ́tìnnì. Ó ní, "Bútọ́n mélòó, ọ̀gá?" bí wọ́n ṣe ń pè é ní Faransé. Ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aládìrẹ tó wà lódìkejì ń pàtẹ́wọ́: "Bútọ́n! Bútọ́n! Àgànyìn!" Ẹ̀wà Àgànyìn ń dùn lẹ́nu wa láràárọ̀, orúkọ yẹn náà la wá sọ di èébú.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ yìí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó lọ dúró sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ Ègùn lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti sọ tiẹ̀ nù!

Ẹ̀gbá ló mà ń ṣe èyí! Ogun ló lé àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830. Ajàyí Crowther ńkọ́? Ọmọ bí ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, Freetown ló sì ti di géńdé, láàárín èdè tí kì í ṣe tiẹ̀. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1846, èdè tí ìyá náà gbọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìwọ ọmọ, kọ́ Yorùbá dáadáa, kọ́ ìkíni ìlú yìí, ṣùgbọ́n dá ìyá rẹ lóhùn sókè. Ẹ̀yin ọ̀gá, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ tún un ṣe fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ yé pe ọmọ èèyàn ní Àgànyìn. Oṣù mẹ́ta ló ti ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín. Mo bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.