Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, mo rí ohun tó bí mi nínú débi pé oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi kò lọ lọ́fun mi mọ́. Ọmọbìnrin kan jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tiwa, oyún inú rẹ̀ yóò ti tó oṣù méje. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un, ẹyin sísè kan àti ìgbín méjì wà lórí rẹ̀. Kó tó mú ṣíbí, ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í ti nawọ́, ó kó ẹyin, ó kó ìgbín, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àwo tirẹ̀. Ó ní, "Ṣé olè lo fẹ́ bí fún wa ni? Àbí o fẹ́ kí ọmọ máa datọ́ kiri ilé?" Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì òun ata. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ti ń gbé ṣíbí sókè. Ó funfun bí ẹ̀kọ.

Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́. Bí yangí bá já sínú igbá epo, epo ló bàjẹ́, yangí kò pàdánù nǹkan kan. Abara méjì ni Yorùbá ń pe aboyún, nítorí pé ara méjì ló ń gbé kiri nínú awọ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó ru epo tó tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn oníyangí ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà rẹ̀: ìyá ọkọ, àǹtí ọkọ, ìyá oníyàrá kejì, ọ̀rẹ́ tó bímọ ṣáájú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èèwọ̀ tirẹ̀ lórí.

Wọ́n ní ìgbín ń mú ọmọ datọ́. Ọmọ wo ni kì í datọ́? Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́ta ni itọ́ ẹnu rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì tíì mọ bí a ti ń gbé e mì, ìdí nìyẹn tó fi ń dà sí i láyà. Àwọn ọmọ ìlú òyìnbó tí ìyá wọn kò fi ìgbín kan ẹnu rí ń datọ́ tó fi jẹ́ pé wọ́n ń ta aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ wọn lọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù nítorí itọ́. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹ́ kí àwùjẹ ọmọ jìn. Gbogbo ọmọ ni Ọlọ́run dá àwùjẹ mọ́, kí eegun orí lè sún mọ́ra nígbà tí ọmọ bá ń gba ojú ara ìyá rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Ní tèmi, mo rò pé mo mọ ibi tí ìyẹn ti ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, adìẹ ọ̀la ni ẹyin, ẹni tó bá jẹ ẹyin mẹ́wàá ti jẹ agbo adìẹ. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹyin òun ló fi ẹ̀rù dí aboyún àti ọmọdé lẹ́nu. Lónìí tí wọ́n ń to ẹyin sí kíréètì lẹ́bàá títì, ẹ̀rù wo la tún ń tọ́jú? Ẹyin kan ní purotéènì tó bíi gíráàmù mẹ́fà, ohun tí ẹran ara ọmọ fi ń dí mọ́ra.

Èyí tó burú jù ni pé kí aboyún má jẹun dáadáa, kí ọmọ má baà tóbi, kí wọ́n má baà là á. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó kàwé, tó ń wọ bàtà gogoro lọ sí báńkì. Ọmọ tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i kì í ṣe ọmọ tó rọrùn, ọmọ tí wọn yóò máa ṣọ́ tọ̀sán-tòru ni.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bínú. Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la ń gbé. N kò jẹ ẹyin, n kò jẹ ìgbín, n kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹran tó tóbi nínú ìkòkò jẹ́ ti baálé, orí ẹja jẹ́ ti àgbà. Àmàlà àti omi ọbẹ̀ ni mo fi ń bọ́ ọmọ inú mi. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, wọ́n á ní bí oyún ti ń ṣe ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n bímọ ni nọ́ọ̀sì kan fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, tó wò ó, tó sì pariwo. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, jẹ́ 24. Ó yẹ kó tó 33. Lóru ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ya, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù lára mi tí ara lè fi ṣe àmúmọ́ra. Ọ̀kadà ni àbúrò mi ọkùnrin gùn wá fún mi lẹ́jẹ̀ ní aago méjì òru. Kílò 2.2 ni ọmọ náà wọ̀n, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi wà nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru.

Ìyá ọkọ mi sunkún ju èmi lọ. Obìnrin dáadáa ni, Ọlọ́run yóò tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìfẹ́ ló fi ń gba ẹyin lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nígbà oyún tirẹ̀ ló ń tún sọ. Oníyangí kì í mọ ìgbà tí yangí òun ń já bọ́. Ọmọ àkọ́bí mi, ilé ìyá tèmi ni mo wà lóyún rẹ̀, mo jẹ ẹyin, mo jẹ ìgbín. Àwọn méjèèjì ti dàgbà báyìí, kò sí ẹni tó jalè nínú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára obìnrin ń pọ̀ sí i nígbà oyún, àfikún yìí sì máa ń tó nǹkan bí ìdajì èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Inú kí ni ara yóò ti rí ohun tí yóò fi ṣe é? Inú àwo oúnjẹ. Irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti inú ẹran àti ẹja ló sì ń tètè wọ ara. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ tẹ̀ lé e, yóò wọlé dáadáa. Tíì tí a bá mu lé oúnjẹ lórí ló ń dí i lọ́nà. Kí n sì tó gbàgbé, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí gbogbo ènìyàn ń pò mu pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀, ṣúgà ló pọ̀ nínú mọ́ọ̀tì, mílíìkì sì ń dín irin tí ara ń rí gbà kù. Mílíìkì dára fún eegun, ẹ mu ún lọ́tọ̀, ẹ má fi í pe ara yín ní ẹlẹ́jẹ̀.

Oúnjẹ nìkan kì í sì í tó. Lọ́dún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí aboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 àti fọ́líìkì ásíìdì máíkírógíráàmù 400 lójoojúmọ́, kó sì rí onímọ̀ ìlera nígbà mẹ́jọ ó kéré tán kó tó bímọ. Àwọn tó ń da oògùn yìí sí kòtò pọ̀ nítorí pé ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ó sì ń mú inú le. Ìgbẹ́ dúdú yẹn kì í ṣe àrùn. Ẹ mu omi púpọ̀, bó bá sì ń rìn yín nínú, ẹ lò ó lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Ní ti fọ́líìkì ásíìdì, òun ló ń ran ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé, ọ̀pá ẹ̀yìn yìí sì máa ń pa dé kí ó tó pé ọjọ́ 28 tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti fẹ́ra kù. Ẹni tó bá ń retí oyún ló yẹ kó ti máa lò ó, kì í ṣe ẹni tí ikùn rẹ̀ ti yọ.

Wọ́n á tún ní aboyún ń jẹun ẹni méjì, wọ́n á wá bu òkèlè bí òkè Olúmọ fún un. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara kò béèrè àfikún kankan. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, àfikún náà jẹ́ bíi kálórì 450, ìyẹn kò ju mọ́ínmọ́ín kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè kan lọ. Ohun tó wà nínú àwo ló kù díẹ̀ káàtó, àwo fúnra rẹ̀ kún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ ọmọbìnrin náà níbi ìkómọjáde yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Òótọ́ ni. Mo ń nájà ní Bódìjà, mo mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí wà lọ́rùn rẹ̀, ìgò bíà sì wà níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ náà ló fi sọ fún mi pé àwọn ti yan aṣọ tí àwọn yóò wọ̀ níbi ìkómọjáde ti ìyàwó òun, owó màlúù sì ti ń wọlé. Ẹ gbọ́ o! Owó wà tí yóò pa ọbẹ̀ fún igba àlejò lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí èyí tí yóò pa ọbẹ̀ fún obìnrin tó ń gbé ọmọ náà bọ̀. Ta ni owó yín ń pa ọbẹ̀ fún?

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ẹ bá ra ẹran màlúù. Ṣáwá ń bẹ, edé gbígbẹ ń bẹ. Ẹ̀wà tí a fi epo pupa àti ẹja yíyan sè ń bẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, wàrà tí a dín jiná. Ẹ sáà jẹ́ kí ẹran àti ẹja jiná dénú. Owó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ kan ń ra ẹyin tí aboyún yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn tó ń gbé àgbo tí wọ́n fi ogógóró rẹ fún aboyún, ẹ dẹwọ́. Kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu fún ọmọ inú. Amọ̀ tí ẹ̀yin aboyún ń họ jẹ, òjé tó jẹ́ májèlé máa ń wà nínú rẹ̀.

Mo gbé ẹyin tèmi, mo fi í sínú àwo ọmọ náà lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní mo ṣàfojúdi. Ọmọ náà wolẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní ìgé méjì.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, n kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ yọwọ́ nínú àwo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ-ọmọ tó ń bọ̀, inú ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ ọkọ, má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ọ̀lẹ ló ń wí bẹ́ẹ̀, oyún náà kò dá wà níbẹ̀. Bí o bá jáde níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ òní, yà sọ́jà kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà mọ́. Ra ẹyin mẹ́fà, ra ṣáwá, ra ìdì ẹ̀fọ́ kan. Bó bá sì sè é tán, tó bu èyí tó tóbi fún ọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, gbé e padà sínú àwo rẹ̀ níṣojú ìyá rẹ.