Ta ló ni ẹ́ńjìnnì Kaan?

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé Tọ́kì ti bọ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà pátápátá, pé wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe Kaan, bàálù ogun tí rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òfúrufú, kì í rí, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún mi.

Wòlíìmọ̀ la lọ ṣe ní Pàkátà lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ò tíì jẹun tán tí bùrọ̀dá kan fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Kaan. Ó ní ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀, látorí táyà títí dé imú, àwọn ọmọ Tọ́kì ló ṣe é, kò sì sí òyìnbó tó lè dá wọn lọ́wọ́ kọ́ mọ́. Gbogbo èèyàn ń mi orí. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" Ó ní nǹkan kékeré nìyẹn.

Kékeré kẹ̀!

Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nídìí Kaan, F110 lorúkọ wọn. General Electric ti Amẹ́ríkà ló ni wọ́n, irú wọn náà ló ń gbé bàálù ogun F-16 ti Amẹ́ríkà fò. Àwọn ló gbé Kaan sókè ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2024, tó kọ́kọ́ fò fún ìṣẹ́jú 13. Mo wo fídíò yẹn, inú mi sì dùn. N ò bá Tọ́kì jà. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀, tó ṣe ara rẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kí ìtànṣán rédà máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an, tó sì fi ohun ìjà pamọ́ sínú ikùn rẹ̀, ọmọ Tọ́kì ló pọ̀ jù nínú wọn, orí wọn sì pé. Àmọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Hakan Fidan, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Tọ́kì fúnra rẹ̀, sọ ní gbangba pé ẹ́ńjìnnì Kaan há sílé aṣòfin Amẹ́ríkà, pé ìwé àṣẹ ni wọ́n ń retí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Mínísítà wọn ni.

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe ní Gáà-Akanbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù, àwọn oníbàárà mi sì ń ti Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀mù-Àrán wá. Èmi ni mò ń gé páànù, èmi ni mò ń fi ìṣó dá ihò sí i lára, èmi ni mò ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tí mo sì ń kùn ún. Wọ́n á ní ọmọ Ìlọrin ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Àmọ́ Ṣáínà ni ẹ́ńjìnnì tó ń yí i ti wá, ọwọ́ oníṣòwò kan ni mo sì ti ń rà á. Nígbà tí dọ́là fò sókè lọ́dún 2023, ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó ní òun ò tà mọ́ títí òun á fi mọ iye tí òun máa tà á. Ẹ̀rọ tí mo ti kùn tán wà níta, adìẹ ń sùn sórí rẹ̀. Nígbà tó padà ṣí ilẹ̀kùn, irú ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀ kọ́ ló kó dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, eré rẹ̀ sì yàtọ̀. Mo tú ìjókòó ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ púlì, mo tún férémù jó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì la máa ń kọ́kọ́ wọ̀n ká tó gé ohunkóhun. Ti bàálù ò yàtọ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, iye afẹ́fẹ́ tó ń fà, òun ló ń pàṣẹ bí ikùn bàálù yóò ṣe rí. Ẹ má rò pé wọ́n á kàn yọ F110 lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Èyí tó yẹ kó pa wá lẹ́nu mọ́ ni ti Pakísítánì. Lọ́dún 2018, Pakísítánì bá Tọ́kì ṣe àdéhùn láti ra hẹlikópítà ogun T129, 30 ni wọ́n fẹ́, owó rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Mùsùlùmí ń tà fún Mùsùlùmí, ọ̀rẹ́ ń tà fún ọ̀rẹ́. Kí ló tún kù? Ẹ́ńjìnnì ló kù. T800 ló wà nínú rẹ̀, Honeywell ti Amẹ́ríkà àti Rolls-Royce ló jọ ń ṣe é, Amẹ́ríkà kò sì fún un níwèé àṣẹ láti kọjá sí Pakísítánì. Pakísítánì dúró. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un, nígbà tó sú wọn wọ́n kọjú sí Ṣáínà. Fílípínì náà fẹ́ T129. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tiwọn, wọ́n sì rí i gbà. Hẹlikópítà kan náà, àwọn tó kàn án kan náà. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ló yan ẹni tí wọ́n máa tà á fún.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Tọ́kì. Ní 1978, Swídìn fẹ́ ta bàálù ogun Viggen fún Íńdíà. Swídìn ló ya àwòrán rẹ̀, Swídìn ló kàn án, àmọ́ ara ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yọ tirẹ̀, èyí tó wà lára àwọn Boeing 737 àtijọ́ tí Nigeria Airways fi ń gbé àwọn bàbá wa. Amẹ́ríkà ní rárá. Íńdíà lọ ra bàálù mìíràn, Jaguar. Bàálù ogun Super Tucano 12 tí Nàìjíríà gbà lọ́dún 2021 ńkọ́? Ọmọ Bùràsíìlì ni, síbẹ̀ nígbà tí Bùràsíìlì fẹ́ tà á fún Fẹnẹsúẹ́là ní nǹkan bí ọdún 2006, Amẹ́ríkà dá a dúró nítorí ohun èlò wọn tó wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó dárúkọ Bayraktar TB2, bàálù ogun Tọ́kì tí kò ní awakọ̀ nínú. Ní 2020, nígbà ogun Azerbaijan àti Armenia, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ́ńjìnnì Rotax inú TB2 dá títà rẹ̀ dúró. Wọ́n rí ọ̀nà gbà, òótọ́ ni, torí ẹ́ńjìnnì kékeré ni, agbára rẹ̀ ò ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lọ. Àmọ́ inú ẹ́ńjìnnì bàálù ogun bíi Kaan, àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké kan ń yí nínú iná tó gbóná ju ibi tí irin wọn ti ń yọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ gba ihò tínínrín inú wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n yọ́, àti bí wọ́n ṣe ń da ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kírísítálì ẹyọ kan, láìní ojú ìsopọ̀. Àwọn tó lè dá ṣe irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láyé yìí ò pọ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ.

Ẹ wo Íńdíà, tí kò sí ẹni tó lè pe ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpè. Kurt Tank, ọmọ Jámánì, bá wọn ya bàálù ogun Marut tó fò lọ́dún 1961. Bàálù náà rẹwà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ lé lórí ò dé, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní 1989 wọ́n dá iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì Kaveri sílẹ̀ fún Tejas, bàálù ogun wọn mìíràn. Ní 2008 wọ́n yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀, Tejas sì ń lo ti General Electric dòní. Ẹ́ńjìnnì 99 tí wọ́n fọwọ́ síwèé láti rà lọ́dún 2021, oṣù Kẹta ọdún 2025 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ tó dé.

Wọ́n á ní F110 náà ni wọ́n ń tò ní Eskişehir, ní Tọ́kì. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ń fi ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà to ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà ṣì ń retí ẹni tó ni ín.

Ó dáa, Tọ́kì ń ṣe ẹ́ńjìnnì tiwọn, TF35000, nǹkan bí ọdún 2032 ni wọ́n ń fojú sí. Ó lè bọ́ sí i. Ṣáínà náà fi ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ bàálù ogun wọn J-20 lọ́dún 2011, wọ́n sì ti fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ Ṣáínà ni Ṣáínà.

Àwọn tó ní kí Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ rí. Kàdúná ni wọ́n ti ṣe bàálù kékeré Air Beetle fún Ọmọ-ogun Òfúrufú wa láti ìparí àwọn ọdún 1980. Àwòrán bàálù RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e lé, ẹ́ńjìnnì Lycoming ti Amẹ́ríkà ló sì wà nímú rẹ̀. Bí owó bá wà nílẹ̀ tí ìjọba fẹ́ ná, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná an lé lórí, èyí tí èmi á gbé sórí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tí n ò ní máa dúró de ọkọ̀ ojú omi.