Ẹ Jọ̀wọ́, Ta Ló Fún Yín ní Nọ́ńbà Mi?

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí àwọn ayánilówó orí fóònù wọ̀nyí mọ́, nítorí ẹnu ti rẹ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe lánàá yìí, tí mo bá gbé e mì, inú mi á bẹ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo tan dátà mi, mo rí i pé wọ́n ti fi mí sí gúrúùpù kan lórí WhatsApp. Lẹ́tà gàdàgbà gadagba ni wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀: "Ẹ BÁ WA MÚ GBÁJÚẸ̀ YÌÍ." Mo wo fọ́tò tó wà níbẹ̀, aránṣọ mi ni! Fọ́tò tí obìnrin náà fi sójú WhatsApp tirẹ̀, tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín lóde ìgbéyàwó, ni wọ́n gbé, tí wọ́n wá kọ OLÈ sí i láyà ní pupa fòò.

Ẹ bi mí pé ta ni wọ́n kó síbẹ̀. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù obìnrin yẹn ni o! Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Pásítọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Onílé rẹ̀, tíṣà ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún un ní Gbági, bàbá tó ń bá a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bàbá àgbà kan tiẹ̀ ń bèèrè léraléra pé ṣé gúrúùpù ẹgbẹ́ onílé àdúgbò nìyí, pé òun ti san owó transformer. Èmi náà wà láàárín wọn, èmi tí kò sí ohun tó pa èmi àti obìnrin yìí pọ̀ ju àǹkárá tí mo gbé fún un ní Mọ́kọ́lá lọ.

Kò pẹ́ ni ẹni tó dá gúrúùpù náà sílẹ̀ pè mí. Kò kí mi. Ó ní kí n lọ sọ fún olè tí mo dúró fún pé kó san owó àwọn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, fọ́tò tèmi ló kàn, pé àwa méjèèjì la jọ lẹ̀dí àpò pọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni mo fọwọ́ síwèé onídùúró fún yín?" Ó ní kí n má fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní, "Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi?" Ó ní, "Madam, ẹni tó jẹ wá lówó ló fún wa." Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ̀yin ará, ₦20,000 ni owó ọ̀hún! Ẹgbàá mẹ́wàá náírà tí kò ra ìdajì àpò ìrẹsì! Obìnrin náà yá a láti fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀, àwọn oníná sì ti mú iná wọn lọ. (Ẹ má jẹ́ kí n dá ti àwọn oníná sí i lónìí, ọjọ́ á lọ.) Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún un. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí oníbàárà ò tíì san tirẹ̀, èlé ti gun orí èlé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Ṣebí ó jẹ gbèsè ni?" Ó jẹ gbèsè! Ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Láyé àwọn baba wa, tí onígbèsè bá ya alágídí, wọ́n á rán ológò lọ dógò tì í. Ológò á jókòó pa sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú u, á máa pa adìyẹ ilé jẹ. Ìwà àbùkù ni, mi ò sọ pé ó dáa. Ṣùgbọ́n agbo ilé onígbèsè ló ń lọ o! Mi ò gbọ́ ọ rí pé ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó gbé aṣọ fún onígbèsè rán.

Ibi tó ti wá dùn mí jù nìyí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nọ́ńbà mi ti di ti gbogbo ayé. Gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù yẹn ló rí i. Ẹnì kan ń fi agbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ̀ mí. Òmíràn ní ilẹ̀ wà ní Mowe, pé mo lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ aránṣọ pè mí, ó ń sunkún, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé bí ìyàwó ọmọ òun ṣe ń ṣe nìyẹn, bíi pé mo mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju ìwọ̀n ìgbáròkó mi tó kọ sínú ìwé lọ. Nígbà tó di òru, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi: "Hi dear, mo rí ẹ nínú gúrúùpù, fọ́tò ẹ dùn ún wò." Aago mọ́kànlá òru! Baálé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ sì bá a. Ẹ bá mi wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé aránṣọ ló yá owó, òun ni ọkùnrin kan fi ń pè mí ní dear lóru.

Àbúrò mi tó mọ kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ lọ sí Settings WhatsApp yín." Mo ti lọ. Mo ti yí i padà, kó má jẹ́ pé gbogbo ayé ló lè fi mí sí gúrúùpù tó bá wù wọ́n. Ẹ ṣeun o. Ta ló fi í sí "Everyone" látìbẹ̀rẹ̀? Bákan náà ni mo ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí a fi ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, tipẹ́tipẹ́. Ó bá mi dá àwọn oníkálókàló orí síìmù dúró, kò dá àwọn ẹni ibi yìí dúró.

Mi ò bá aránṣọ mi jà. Owó ni obìnrin náà ń wá, wọ́n ní kó tẹ "Allow" kí áàpù wọn lè wo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, kó tó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ta ni kò ní tẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yẹn, tirẹ̀ kọ́. Tèmi ni. Ta ló bi mí léèrè? Mi ò tẹ nǹkan kan, mi ò gba kọ́bọ̀, mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ áàpù yẹn kó tó di àná, wọ́n sì ti kó mi dání bí ẹrù tí a fi dógò.

Ẹ má sì sọ pé kò sófin. Òfin kún ilẹ̀ yìí bámúbámú. Ìwé òfin 1999, abala 37, ní ilé wa, ìwé tí a ń kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ lórí fóònù, ìkọ̀kọ̀ wa ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tojú bọ̀ ọ́. Ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí nítorí irú ìwà yìí gan-an. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, já wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ọ̀pẹ́bì, Ìkẹjà, a pàtẹ́wọ́. Ní 2023, Google ní áàpù ayánilówó ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ẹni mọ́, ní June ọdún náà ni Ààrẹ Tinúbú bu ọwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú. Ní 2025, FCCPC tún gbé ìlànà mìíràn jáde, wọ́n ní owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 100 náírà. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń kà á lórí! Ìbínú ti sọ mí di lọ́yà. Àwọn ayánilówó náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yà kúrò lórí Play Store, wọ́n ń fi línkì ránṣẹ́ kiri.

Ìtanràn yẹn pàápàá, àpò ìjọba ló ń lọ. Ẹni tí wọ́n kọ OLÈ sí láyà ńkọ́?

Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ta mí lára ni pé ẹni tó pè mí yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. "Mr Collins" ló pe ara rẹ̀ láàárọ̀, ó ti di "Barrister Victor" nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ohùn kan náà. Láti December 2020 ni wọ́n ti ń lé wa kiri pé ká so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa, mọ́ síìmù, a tò sórí ìlà nínú oòrùn, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi nọ́ńbà pamọ́ ṣe ibi ni. Ó dáa. Síìmù wo ni Collins ń lò? Ṣé òun kò ní NIN ni? Àwa ni wọ́n tú síhòòhò, àwọn ló ń bojú. Ìyá tó ń ta ata mọ̀ pé tí wọn ò bá rí NIN òun, wọ́n á ti síìmù òun pa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ odidi ìdílé, ó ń yí síìmù padà bí ẹni ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

NIN ọ̀hún náà tiẹ̀ nìyí. Ní 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pariwo síta pé wọ́n ń ta NIN àti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100. NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN, ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn. ₦100! Owó píọ̀ wọ́tà! Kí ló tiẹ̀ ṣẹ́ kù tí a ń pa mọ́? Ẹ dé ẹnu géètì ọ́fíìsì kan, wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà sínú ìwé rádaràda kan, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á sì rọra ka tiyín kó tó kọ tirẹ̀. Ẹ wo Truecaller. Wọ́n ní "Madam Ẹja Tútù" lorúkọ mi níbẹ̀. Mi ò ta ẹja rí láyé mi.

Aránṣọ ti san owó náà láàárọ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ ló bá a wá a. Gúrúùpù yẹn ṣì wà níbẹ̀, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé fóònù mi, ojú ń tì í, aṣọ mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ owó ìtanràn, mi ò fẹ́ ìlànà tuntun. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ yẹn gbé fóònù tirẹ̀ fún mi, kó tẹ "Allow." Kí n kó ìyá rẹ̀, àna rẹ̀, pásítọ̀ tàbí ààfáà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti gbogbo àwọn obìnrin tó tọ́jú nọ́ńbà wọn sí "Kápẹ́ńtà" àti "Rewáyà" sójú kan. Èmi ni kí n jẹ́ ádímíìnì. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti èmi á lè wá jókòó sọ̀rọ̀ abala 37.