Ẹ jẹ́ kí aboyún jẹ ìgbín, ẹ jọ̀ọ́, itọ́ ọmọ yín ò ti ibẹ̀ wá

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú láti Sátidé, tí mi ò bá kọ ọ́ jáde mi ò ní gbádùn. Ìkómọ la lọ ní Kubwa, a ti jẹ ìrẹsì tán, ni wọ́n bá gbé ìgbín aláta jáde, wọ́n ti fi igi ìtayín gún un ní mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oyún ẹ̀ á ti tó oṣù méje, ó nawọ́ sí i. Kí ọwọ́ ẹ̀ tó dé abọ́, màmá kan ti gbá a lọ́wọ́ pàá! "Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ẹ máa da itọ́ bí ìgbín ni?" Gbogbo tábìlì ń mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni màmá sọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ o, òun náà ń mi orí! Ọmọ ọlọ́mọ fa ọwọ́ ẹ̀ padà, ó wá ń wo abọ́ yẹn bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé èmi tí wọ́n bí lánàá ni màá kọ́ àwọn. Ó dáa. Mi ò lè bá àgbà jà níbi ìkómọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbá mi lọ́wọ́ níbí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dá mi lójú jù. Kí a tó kó wá sí Abuja, Kaduna la gbé fún ọdún márùn-ún. Ìyàwó ilé kejì sí wa, Hausa pọ́ńbélé ni, láti Zaria. Mi ò tíì rí ẹni tó kórìíra ìgbín tó o rí. Dodon kodi ni wọ́n ń pè é ní Hausa. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fọ ìgbín lẹ́yìnkùlé, ó yọjú láti kí mi, ó rí ohun tó wà nínú báàfù, ó kígbe "haba!", ó sá wọlé, ọjọ́ mẹ́ta kò bá mi jẹ nǹkan kan. Obìnrin yìí bímọ mẹ́rin lójú mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló da itọ́. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an, tí wọ́n bá ti wọ aṣọ tuntun fún un láàárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá àyà aṣọ ti rin gbingbin, abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ á ti yọ èélá wẹ́wẹ́ nítorí omi. Ìyá ẹ̀ ò jẹ ìgbín rí. Ìyá tó bí ìyá ẹ̀ ò jẹ ẹ́ rí. Ta ló wá fi itọ́ sẹ́nu ọmọ náà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi lóhùn nìyẹn. Ẹ rìn lọ sí Kano, ẹ lọ sí Katsina, ẹ lọ sí Sokoto, ọ̀pọ̀ ilé ló wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ adùn ìgbín, kẹ́ ẹ wá wo àyà aṣọ ọmọ oṣù márùn-ún níbẹ̀. Àwa tá à ń gbé òkè ọya yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, torí ojú wa la fi ń rí i lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀, ẹ lọ sí Marrakech ní Morocco, ìlú Mùsùlùmí ni o, ní Jemaa el-Fnaa, gbàgede ńlá ìlú náà, wọ́n ń bu omi ìgbín gbígbóná sínú abọ́ fún èèyàn lójú títì. Àwọn Faransé ń fi bọ́tà àti áyù sè é. Àwọn Ashanti ní Ghana ò lè fi ṣeré. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, gbogbo ìlú wọ̀nyẹn ò bá ti rì sínú itọ́.

Ẹ gbọ́ tèmi náà. Oyún àkọ́kọ́ mi, mo gbọ́ràn. Ìyá ọkọ mi á pè mí láti Kabba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, "ìyàwó mi, má jẹ ìgbín o", mo ní "ẹ ṣé mà, mi ò ní jẹ ẹ́." Oṣù mẹ́sàn-án gbáko mi ò fẹnu kàn án. Mo bí ọmọ, nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rin, ha! Ankara àtijọ́ mi ni mo gé tí mo fi rán bíìbù méje, tó bá fi máa di ọ̀sán méjèèje ti wà lórí okùn. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n rọra fà mí wọ kíṣìnì. "Ìyàwó mi, sọ òótọ́ fún mi, o jẹ ẹ́, àbí?" Mo búra. Wọ́n ní á jẹ́ pé ìkòkò tí wọ́n ti fi se ìgbín rí ni mo fi se ọbẹ̀.

Ẹ ò rí i? Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ìgbín ló fà á. Tẹ́ ẹ ò bá jẹ ẹ́, ìkòkò ló fà á. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ẹ̀?

Oyún kejì, mo jẹ ẹ́ dé góńgó. Asìkò òjò ni, a wà ní Kabba fún oṣù kan ààbọ̀, àbúrò ọkọ mi á mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ tí òjò bá ti dá, á lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, ìgbín á ti jáde fúnra ẹ̀, ó ń fà lọ lórí ewé tó ti rà. Kò sí wàhálà nínú ẹ̀ bíi ti ìgbà ọyẹ́, torí nígbà ọyẹ́ ṣe ló máa ń wọ inú karawun ẹ̀ lọ, á fi nǹkan funfun kan dí ẹnu ẹ̀ pa, á sùn títí òjò á fi padà. Ọmọ kejì yẹn da itọ́, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò tó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí mi ò tìtorí ẹ̀ jẹ nǹkan kan. Oṣù mọ́kànlá ló rìn. Àwọn tó ní ọmọ á lọ́ra bí ìgbín, ẹ wá máa sáré tẹ̀ lé e.

Itọ́ ọmọ, gbogbo ayé ló mọ ibi tó ti ń wá. Tí ọmọ bá ti ń lọ sí oṣù kẹta, itọ́ ẹnu ẹ̀ á pọ̀ sí i, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì dáadáa, kò ní eyín níwájú tó máa dá a dúró, ẹnu ẹ̀ ń ṣí sílẹ̀, gbogbo ìgbà lọwọ́ ń bẹ lẹ́nu. Eyín á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní bí oṣù mẹ́fà, ó tún lè pọ̀ sí i. Tó bá di ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, ó ń dínkù. Àgbàlagbà gan-an, itọ́ tí ẹnu wa ń ṣe lójúmọ́ máa ń tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀, ẹ̀yin kàn ń gbé tiyín mì ni. Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́rin tí itọ́ ṣì ń dà lẹ́nu ẹ̀, tàbí tí kò lè gbé ọrùn dúró, tí kò jókòó lásìkò, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbín tí ìyá ẹ̀ jẹ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé omi yíyọ̀ yẹn kì í ṣe itọ́ ìgbín rárá! Ara ẹ̀ ló ti ń jáde, pàápàá àtẹ́lẹsẹ̀ tó fi ń wọ́ rìn, kó lè rọrùn fún un láti fà, kí ara ẹ̀ má sì gbẹ. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ìyá jẹ ló ń ràn mọ́ ọmọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ló yẹ kó máa yọ̀. Àti pé ewédú ńkọ́? Ilá ńkọ́? Àpọ̀n ńkọ́? Kúkà táwọn ará ibí ń fi jẹ túwó ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ló ń yọ̀ kọjá ìgbín, aboyún ń fi gbé òkèlè lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó gbá a lọ́wọ́. Inú ìyá á lọ oúnjẹ kúná, ẹ̀jẹ̀ á gbé ohun tó dára nínú ẹ̀ dé ibi ọmọ, kò sí ìgbín kan tó ń wọ́ lọ bá ọmọ nínú.

Àwọn tó ní "ìyá mi rí i, ìyá wọn rí i", ẹ kú ìrírí. Ọmọ tó da itọ́ ni wọ́n ń rántí, wọn kì í rántí èyí tí kò dà á.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ ò bẹ̀rù ẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró eku, Angiostrongylus cantonensis làwọn onímọ̀ ń pè é, ìgbín máa ń kó o láti inú ìgbẹ́ eku, ẹni tó bá jẹ ìgbín tí kò jinná, ó lè wọ ọpọlọ lọ. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe gba ìgbín tó ṣì rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ nínú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi, tí mo bá ti fọ́ ìdí karawun tí mo fà á jáde, màá gé ìfun dànù, màá fi álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ mọ́, ó lè tó ìgbà mẹ́rin. Omi àkọ́kọ́ yẹn máa ń fẹ́ dà bíi búlúù, ẹ má bẹ̀rù, bàbà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìgbín, kì í ṣe irin bíi tiwa. Lẹ́yìn náà ni màá sè é pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà fún bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó fi din ata. Ẹ má sì ṣa ìgbín ní oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko sí o, tàbí lórí ààtàn.

Ó dáa, ara ò dọ́gba, àwọn kan wà tí ìgbín máa ń mú ara wọn yún, kírú ẹni bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀, lóyún tàbí láì lóyún. Ìyẹn nìkan ni mo gbà.

Nọ́ọ̀sì tó ń mi orí yẹn ló tún bí mi nínú jù, torí ṣebí àwọn ló ń fún aboyún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, irin ló wà nínú oògùn yẹn. Irin wà nínú ìgbín náà, ó lágbára bí ẹran, ọ̀rá ẹ̀ ò tó nǹkan. Kò rọ́pò oògùn o, ẹ lo oògùn yín. Àmọ́ kí lẹ ń gbà á lẹ́nu obìnrin sí?

Ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò. Mo ti ju gígún mẹ́ta sínú rọ́bà kékeré, mo tì í sínú báàgì ẹ̀. Ó ní ẹ ṣé mà, àmọ́ ìyá ọkọ òun wà nílé, òun á dúró kí wọ́n sùn ná.