SELECT kò ṣàdéhùn pé ìlà tó kọ́kọ́ wọlé ló máa kọ́kọ́ jáde

Ẹnìkan tún ti ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ SQL (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún àkójọ dátà) pé bí wọ́n bá ṣe fi INSERT to ìlà sínú tábìlì ni SELECT á ṣe máa kó wọn jáde, pé ORDER BY, àṣẹ tó ń to ìlà, kàn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Irọ́ ni. Ẹ ṣí PostgreSQL, ètò kan tó ń tọ́jú dátà, kí ẹ tẹ èyí:

CREATE TABLE oja (id int, oruko text, iye int);
INSERT INTO oja VALUES (1,'gaari',40), (2,'elubo',25), (3,'ewa',60);
SELECT * FROM oja;

Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà: 1, 2, 3. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró, tí wọ́n á ní àwọn ti rí ẹ̀rí. Ẹ má dúró o. Ẹ jẹ́ ká ta àpò gààrí 5, kí iye tó kù di 35:

UPDATE oja SET iye = 35 WHERE id = 1;
SELECT * FROM oja;

Ó di 2, 3, 1. Gààrí ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kan id rẹ̀. PostgreSQL kì í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí nígbà UPDATE. Ẹ̀dà tuntun ló máa ń kọ síbi tó ṣófo, á wá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì ń kà á lọ́wọ́, títí di ìgbà tí wọ́n á gbá a dànù. Tí ẹ bá fi DELETE yọ èlùbọ́, tí ẹ ṣe VACUUM (àṣẹ tó ń gbá ẹ̀dà àtijọ́ dànù), tí ẹ wá fi iyọ̀ wọlé pẹ̀lú id 4, iyọ̀ lè lọ jókòó sáàyè èlùbọ́, kó sì ṣáájú ẹ̀wà.

MySQL, ètò dátà mìíràn, ńkọ́? InnoDB, apá tó ń tọ́jú tábìlì nínú rẹ̀, máa ń to ìlà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí primary key (ohun tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, bí id), ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ fi index (àtòjọ tó ń jẹ́ ká tètè rí ìlà) sórí nọ́ńbà fóònù, kí ẹ wá ní SELECT id FROM onibara. Index yẹn ló sábà máa ń kà, torí ó kéré ju tábìlì lọ, id sì wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù ṣe tò ni id á ṣe jáde.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lò ó, kò yí rí.” Tábìlì tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn lẹ́yìn INSERT lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n bó bá tóbi, tí ẹlòmíràn sì ń kà á lọ́wọ́, PostgreSQL lè bá a débi tó kà dé, kó bẹ̀rẹ̀ tiyín láti àárín. Láti 1970 ni Edgar Codd ti là á yé wa ní IBM pé ipò tí ìlà wà kò já mọ́ nǹkan kan.

Ibi tó ti ń dunni jù ni LIMIT 20 OFFSET 20 (fo ìlà 20, kí o mú 20 tó tẹ̀lé e) láìsí ORDER BY. Oníbàárà kan á hàn lójú ewé kìíní, á tún hàn lójú ewé kejì; ẹlòmíràn ò ní hàn rárá. Kò sí error kankan tó máa jáde. Níbi gbogbo tí mo ti bá a pàdé, ẹni tó tẹ dátà wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ, ká ní tábìlì tita ni, ni ORDER BY ojo_ra DESC, id DESC; ojo_ra ni ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà, DESC sì ń to láti ńlá sí kékeré. Ojo_ra nìkan kò tó, torí bí ọjà 50 bá bọ́ sọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó mọ èwo ló máa ṣáájú nínú wọn. Id ló máa yanjú ìyẹn. Ẹ ṣe index sórí méjèèjì, ẹ̀rọ sì lè má nílò láti tún ìlà kankan tò mọ́. Bí ojo_ra bá lè jẹ́ NULL (òfìfo), DESC á gbé NULL síwájú nínú PostgreSQL. Ẹ fi NULLS LAST, tó ń gbé NULL sẹ́yìn, sí ORDER BY yẹn, kí ẹ sì kọ index náà bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè lò ó fún títò náà:

CREATE INDEX ON tita (ojo_ra DESC NULLS LAST, id DESC);