Kì í ṣe àwọn alámèyítọ́ ló pa Bleeding Edge

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ẹnìkan tí a jọ máa ń gbá géèmù, ẹni tí mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé, la ẹnu, ó ní àwọn alámèyítọ́ ló pa Bleeding Edge, pé ká ní wọn ò fún un ní máàkì burúkú lọ́sẹ̀ tó jáde ni, à bá ṣì máa gbá a títí dòní. Àwọn yòókù ń mi orí, kò sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Èmi náà fẹ́ràn géèmù yìí, mo sì gbá a dáadáa nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì ń tà. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí wọ́n bá ń di ẹ̀bi ru ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rántí. Ninja Theory, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Hellblade, géèmù onítàn tí èèyàn ń dá gbá, tí Microsoft sì ra iléeṣẹ́ náà ní 2018, gbé Bleeding Edge jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020 fún Xbox One àti kọ̀ǹpútà. Ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin ló ń kojú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá kí wọ́n tó lè ṣe é léṣe. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2021, Ninja Theory kéde pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́. Oṣù mẹ́wàá péré.

Lóòótọ́ ni pé máàkì rẹ̀ kò dára. Lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn alámèyítọ́ jọ, kò dé 70 nínú 100. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ burúkú ṣáájú ikú kò sọ pé ọ̀rọ̀ burúkú náà ló pani.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sea of Thieves, géèmù àwọn olè ojú òkun, kí ẹ wò ó. Microsoft kan náà ló gbé ìyẹn jáde, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2018. Bíi ti Bleeding Edge, ọjọ́ tó jáde gan-an ló wọ Game Pass, ètò tí èèyàn fi ń san owó oṣooṣù fún Microsoft láti gbá ọ̀pọ̀ géèmù. Òun náà kò dé 70 lórí Metacritic. Ẹ̀sùn tí àwọn alámèyítọ́ fi kàn án kò sì yàtọ̀ sí ti Bleeding Edge, pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kéré: wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní omi òkun rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti wakọ̀ kiri, tó hú àpótí díẹ̀, kí ló tún kù láti ṣe? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i lọ́dún náà le débi pé àwọn kan ti ń sìn ín sí sàréè kí ó tó pé oṣù kan.

Kí ni Rare, àwọn tó ṣe é, wá ṣe? Wọ́n ń fi nǹkan kún un. The Hungering Deep dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Cursed Sails tẹ̀lé e ní oṣù Keje, Forsaken Shores ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n gbé àfikún ńlá jáde tó ní ìtàn tí èèyàn lè tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ti kúrò padà wá, wọ́n sì mú ọ̀rẹ́ wọn dání. Ní 2024, géèmù náà dé orí PlayStation 5, orí ẹ̀rọ ẹni tó ń bá Microsoft du ọjà! Máàkì tó gbà lọ́jọ́ kìíní ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kò sì pa á.

Tó bá jẹ́ pé máàkì ló ń pa géèmù, Sea of Thieves ló yẹ kó kọ́kọ́ kú. Olówó kan náà, ọ̀nà ìtà kan náà, ẹ̀sùn kan náà, ọdún méjì péré ló wà láàárín wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Nígbà tí Bleeding Edge jáde, akọni 11 àti irú ìjà méjì péré ló ní. Wọ́n fi akọni kan tó ń jẹ́ Mekko kún un, dolphin tó wà nínú ẹ̀rọ tó ní ẹsẹ̀, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìkéde tí wọ́n fi parí rẹ̀ hàn gbangba: Ninja Theory ní iṣẹ́ mìíràn làwọn fẹ́ gbájú mọ́, wọ́n sì dárúkọ wọn, Senua's Saga (àtẹ̀lé Hellblade), Project Mara àti The Insight Project. Wọ́n ti fi Senua's Saga han ayé láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, oṣù mẹ́ta kí Bleeding Edge tó jáde rárá. Níbo ni alámèyítọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀rọ̀ Game Pass yẹn náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù ti ní géèmù náà lọ́wọ́. Kò ní owó kankan tó máa tún ná, tí yóò fi máa wá ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn bóyá kó rà á tàbí kó má rà á. Ó kàn máa tẹ bọ́tìnì, géèmù yóò wọlé, òun fúnra rẹ̀ á sì tọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní yẹn. A ò kì í jókòó pẹ́ kí a tó rí ẹni bá jà. Ẹ̀yìn tí wọ́n tọ́ ọ wò tán ni wọ́n lọ.

Mo sì mọ ohun tó ń lé wọn, nítorí mo wà níbẹ̀. Nidhoggr ni mo máa ń mú, olórin tó ń fi gìtá rẹ̀ jà bí àáké. Wàá fi gìtá náà gbá ọ̀tá, yóò dún, iná á tàn, ẹni tí o gbá á sì máa bá tirẹ̀ lọ bíi pé afẹ́fẹ́ ló kọjá lára rẹ̀. Ìjà tí a ti ń fọwọ́ gbá ara ẹni, adùn rẹ̀ ni pé kí ọwọ́ náà wọni lára. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹni tuntun á wọlé, á dá nìkan sá lọ síwájú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nínú géèmù mìíràn, Buttercup, akọni kan lára ikọ̀ ọ̀tá, á fà á mọ́ra, àwọn mẹ́ta yòókù á ya bò ó. Agbára tó fi ń yẹra á tán, kò sì ní sí ohun tó lè ṣe ju kó máa wo ara rẹ̀ bó ṣe ń kú. Nígbà tí yóò bá fi padà, ó ti di mẹ́ta tiwa sí mẹ́rin tiwọn, wọ́n á sì máa ṣọdẹ wa lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìjà sílẹ̀ láàárín. Bí àwọn bẹ́ẹ̀ bá ti lọ, àwa tó kù á wá máa dúró pẹ́ kí a tó rí ẹni bá jà, wọn á sì kó àwa tó ti mọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tuntun, àwọn náà á tún sá. Bí a bá ń sunkún, ẹ jẹ́ ká máa ríran.

Ẹ tún wo For Honor tí Ubisoft gbé jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2017, torí ìjà ikọ̀ ni tirẹ̀ náà, idà àti àáké. Àwọn alámèyítọ́ yìn ín, máàkì rẹ̀ ju 75 lọ. Bí èèyàn ṣe ń darí idà sókè, sọ́tùn-ún tàbí sósì láti dènà ọ̀tá dùn mọ́ wọn, ó sì dùn mọ́ èmi náà. Ṣé máàkì tó dára yẹn dá èrò dúró? Kò dá wọn dúró. Ẹ̀rọ àwọn tó ń jà ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn láìsí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ń gbé ìjà ró, tó dá dúró láàárín, tí ẹnìkan bá ti já, ìjà gbogbo wa á dúró gbagidi tàbí kó fọ́. Àwọn èèyàn fi ìbínú kúrò. Ọdún 2018 ni Ubisoft gbé sáfà wá, wọ́n sì tún gbé ẹ̀yà jagunjagun tuntun, àwọn Wu Lin, wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ara géèmù náà sì yá. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ń gba akọni tuntun. Mordhau, géèmù ìjà idà mìíràn, náà rí ìyìn gidi ní 2019, síbẹ̀ èrò tó rọ́ wọ ibẹ̀ lóṣù kìíní kò pẹ́ tó fi dín kù gidigidi. Máàkì gíga kò dá wọn dúró, máàkì kékeré kò lé ti Sea of Thieves lọ.

Àwọn tó ń di ẹ̀bi náà ru alámèyítọ́ á ní wákàtí díẹ̀ péré ni àwọn yẹn fi gbá Bleeding Edge. Ó dáa, àwọn tó gbá a lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ náà lọ. Wọ́n á ní géèmù bíi Hellblade ni àwọn alámèyítọ́ ń retí, pé ìyẹn ló bí wọn nínú. Ṣé torí ìyẹn ni irú ìjà inú rẹ̀ ṣe jẹ́ méjì péré? Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan lórí Steam, níbi tí èèyàn ti ní láti fi owó rà á, rí máàkì náà kí wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà. Mi ò lè ka iye wọn, àwọn tó ń pariwo náà ò lè kà wọ́n.

Àwọn alámèyítọ́ yẹn kan náà ló yin ìrísí àwọn akọni wọ̀nyí, láti orí Kulev, ejò tó ń fi òkú èèyàn rìn, dórí Maeve, ìyá arúgbó àjẹ́ tó ń ti èèyàn mọ́ inú àgò. Wọn ò wá láti pa géèmù kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kéré, pé irú ìjà rẹ̀ ò pọ̀, pé ọwọ́ tí a fi ń gbá ọ̀tá kò wúwo. Ohun tí àwa náà ń kígbe sí ara wa létí nìyẹn láàárín ìjà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé àwọn ló pa á, kó kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ irọ́ fún mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.